Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀-Ìperí Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Lò Ó Kí Ó Tọ́jọ́

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún ohun tí ìmọ̀ ẹ̀rọ gbé wá ní láti fi òwe yìí sọ́kàn. Kì í ṣe ilé nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wò. Ó gbọ́dọ̀ wo ọmọ náà fúnra rẹ̀ fínnífínní, kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe àti bí ó ti ń ṣe é. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì sọ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Bí orúkọ tí a fún ohun èlò kan bá ṣì wá lọ́nà, lílò tí a ń lo ohun èlò náà yóò ṣì wá lọ́nà pẹ̀lú.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìrírí ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ yìí. Nígbà tí a ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn, gbólóhùn tí olùkọ́ wa máa ń tẹnu mọ́ jù lọ ni pé, 'Ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ jìnnà sí kílọ́ọ̀ṣì.' A gbà á gbọ́. A rò pé bí ẹsẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ de bíréèkì nítorí ewu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó máa gbé orí kílọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a ra ọkọ̀ tiwa, ohun tí a ń ṣe nìyẹn. Ọdún kan kò pé tí ọkọ̀ náà kò fi lè gun òkè Mókọ́lá mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ, òórùn ohun tí ó ń jóná sì gba inú ọkọ̀ kan. Mẹkáníìkì tú u, ó fi pléètì tí ó ti jẹ tán hàn wá, ó ní, 'Ọ̀gá tíṣà, ọjà burúkú kọ́ ni wọ́n tà fún yín o. Ẹsẹ̀ yín ni ó jẹ ẹ́.'

Gbólóhùn mẹkáníìkì yìí ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ohun méjì ni a fẹ́ ṣe. Èkíní, a ó ṣàlàyé bí kílọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́ àti bí awakọ̀ ṣe lè lò ó tí kò fi ní tètè jẹ. Èkejì, a ó dábàá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí olùkọ́ àti olùtumọ̀ lè lò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Èrò wa ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí pé àṣìlò tí ó ba ọkọ̀ wa jẹ́, inú ọ̀rọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣàjèjì láàárín wa. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀-ìperí ìmọ̀ èdè, ti lítíréṣọ̀ àti ti ìlànà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ọgbà mẹkáníìkì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, kò yẹ kí ó gbẹ́yìn.

2. Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe

Ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo epo kò lè ti orí ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹrù bí ẹṣin ti ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ máa yí ná kí ó tó ní agbára. Bí yíyí rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, yóò kú. Táyà ọkọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí. Ìbéèrè tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ ní láti dáhùn nìyí: báwo ni a ṣe lè so ohun tí ó ń yí mọ́ ohun tí ó dúró, tí ọ̀kan kò fi ní pa èkejì, tí nǹkan kan kò sì ní ṣẹ́? Kílọ́ọ̀ṣì ni ìdáhùn náà.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Èkíní ni àgbá irin róbótó tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fíláwíìlì. Bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ ọ̀pá tí písítìnnì ń yí. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, òun náà ń yí. Èkejì ni pléètì kílọ́ọ̀ṣì, àwo pẹrẹsẹ kan tí a lẹ ohun tí ó lè gbá irin mú mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Àárín rẹ̀ ní eyín tí ó wọ inú eyín ọ̀pá tí ó lọ sínú àpótí jíà. Àwo yìí lè sún síwá sẹ́yìn díẹ̀ lórí ọ̀pá náà, ṣùgbọ́n bí ó bá yí, ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ bá a yí. Ẹ̀kẹta ni àwo irin tí ó ń tẹ pléètì yìí mọ́ fíláwíìlì. Sípíríǹgì líle ni ó ń tì í. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, sípíríǹgì kan ṣoṣo ni, ó rí bí ọpọ́n tí kò jinnú tí a wá là ní àárín bí ìka ọwọ́.

Kókó kan wà níbí tí ẹni tí ń kọ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé: sípíríǹgì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìsopọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ kọ́. Bí awakọ̀ kò bá fi ẹsẹ̀ kan ohunkóhun, kílọ́ọ̀ṣì ti gbá ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà mú pọ̀ ṣinṣin. Ìgbà tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ náà yóò gba inú wáyà tàbí inú epo bíréèkì kọjá, tí yóò ti béárìnì kan lu ìka sípíríǹgì, tí àwo irin yóò fi sún kúrò lára pléètì, tí pléètì yóò sì dá wà. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì lè máa yí tí àpótí jíà kò bá a yí, tí a sì lè ti inú jíà kan bọ́ sí òmíràn.

Fún àpẹẹrẹ, nínú ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí ìjàpá, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, wáyà ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà.

3. Ìṣòro tí ó wà nínú orúkọ

Kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti fìdí múlẹ̀. Awakọ̀, mẹkáníìkì àti ẹni tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ ni wọ́n ń lò ó, kò sì sí ìdí tí a ó fi lé e kúrò nínú èdè. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun méjì ni ó ń tọ́ka sí. Ó ń tọ́ka sí ẹ̀rọ tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà; ó sì tún ń tọ́ka sí irin tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ohun méjèèjì yìí sì tako ara wọn. Ìsopọ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìtúsílẹ̀ ni iṣẹ́ irin ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé bíréèkì. Bí a bá ní kí ènìyàn tẹ bíréèkì, a ń sọ pé kí bíréèkì ṣiṣẹ́. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bíréèkì yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ èyí, tí a wá sọ fún pé kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò rò pé òun ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ ni. Yóò rò pé bí òun bá fi ẹsẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ díẹ̀ ni ó ń ṣe, kò sì sí ewu níbẹ̀. Òdìkejì èyí ni òtítọ́. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ dá pléètì sí. Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kàn án rárá náà dá pléètì sí. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lé e díẹ̀ ni ó ń ba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, a dábàá pé kí a fún irin ẹsẹ̀ náà ní orúkọ tirẹ̀. Ìlànà tí a ó tẹ̀lé ti wà nínú èdè Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí a ń tẹ̀ láti gun òkè ilé ni à ń pè ní àtẹ̀gùn: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀, àti ọ̀rọ̀-ìṣe gùn. Bí a bá lo ìlànà kan náà, ohun tí a ń tẹ̀ láti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ yóò jẹ́ àtẹ̀tú. Àǹfààní rẹ̀ ni pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́: ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ìtúsílẹ̀ ni òun ń ṣe. Àwọn irin ẹsẹ̀ méjì tí ó kù náà lè wọ ẹgbẹ́ yìí. Èyí tí ó ń dá ọkọ̀ dúró yóò jẹ́ àtẹ̀dúró, èyí tí ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo yóò sì jẹ́ àtẹ̀yára. Olùkọ́ lè wá to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú pátákó, láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún: àtẹ̀tú, àtẹ̀dúró, àtẹ̀yára.

Ní ti ẹ̀rọ náà, bí a bá fẹ́ orúkọ Yorùbá fún un, ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan lè dábàá ìdè. A kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ohun tí a fi okùn dè kì í yọ̀. Yálà ó so tàbí ó tú. Kílọ́ọ̀ṣì ní ipò kẹta láàárín méjèèjì, níbi tí ó ti gbá nǹkan mú tí nǹkan náà sì ṣì ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn lè dábàá àdìmú. Ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ohun tí a ń wá, ṣùgbọ́n àwọn olórìṣà ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún irú ẹbọ kan, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Agbámú ni àwa yàn. Gbámú túmọ̀ sí kí a na ọwọ́ mú nǹkan ṣinṣin. Ohun tí a gbámú lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a sì lè mọ̀ọ́mọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. A ó máa lo kílọ́ọ̀ṣì fún ẹ̀rọ náà lódindi bí gbogbo ayé ti ń lò ó, a ó sì máa lo agbámú níbi tí a bá ti ń ṣàlàyé ẹ̀yà ara rẹ̀: àwo agbámú fún pléètì, àwo atẹ̀mọ́ fún irin tí ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí a tún mẹ́nu ba ojú ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí mú nígbà tí awakọ̀ bá ń gbé ẹsẹ̀ bọ̀ sókè. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi eyín bíbù nǹkan jẹ ṣe àpèjúwe rẹ̀. Kò pọn dandan kí a bá wọn lọ síbẹ̀. Ojú ìgbámú tó, ó sì bá agbámú mu.

4. Ìgbámú, ìfararinra àti yíyọ̀

Kí ni ó ń jẹ pléètì? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí ọlọ. Bí a bá gbé ọmọ ọlọ ka orí ìyá ọlọ, tí a fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò fà á síwá sẹ́yìn, ata kankan kò ní kúnná, òkúta kankan kò sì ní jẹ. Bí a bá gbé ọmọ ọlọ kúrò pátápátá, tí a ń mì í lókè, kò sí ohun tí yóò jẹ. Ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń fà á ni ata ń kúnná. Ìgbà náà ni ọlọ pẹ̀lú ń jẹ, títí tí àárín rẹ̀ yóò fi jinnú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kílọ́ọ̀ṣì. Ipò mẹ́ta ni ó lè wà. Nínú ipò kìíní, àtẹ̀tú wà lókè, pléètì àti fíláwíìlì sì ń yí bákan náà. Wọ́n kan ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò fà lórí èkejì. Nínú ipò kejì, àtẹ̀tú ti dé ilẹ̀, wọn kò sì kan ara wọn. Nínú ipò kẹta, wọ́n kan ara wọn, ọ̀kan sì ń sáré ju èkejì lọ. Ipò kẹta yìí nìkan ni ó ń jẹ pléètì. A kò lè yẹra fún un pátápátá, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra láìta. Ohun tí a lè ṣe ni kí a má jẹ́ kí ó pẹ́.

Níbí yìí, èdè wa lè ṣe ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún agbára tí ó di ohun méjì mú tí wọn kò fi yọ̀, àti fún agbára tí ó ń dènà wọn nígbà tí wọ́n bá ń yọ̀. Àpọ́nlé ni ó fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. A dábàá ìgbámú fún ti àkọ́kọ́ àti ìfararinra fún èkejì. Inú rin ni a ti fa ìfararinra yọ, ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn àárín tí a ń lò nígbà tí a bá ń rin ẹ̀gẹ́. Kí òǹkàwé má ṣe pa á pọ̀ mọ́ rìn tàbí rín. Ìfarakanra kò ní tó, nítorí pé ohun méjì lè kan ara wọn láìrin ara wọn. Ní ti ọ̀rọ̀-ìṣe yọ̀, a ó lo yíyọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀. A kò lo ìyọ̀, kí ẹni tí kò ka àmì ohùn má baà kà á sí iyọ̀ tí a ń fi sí ọbẹ̀.

5. Ìṣirò ooru

Ìfararinra ń bí ooru, ooru sì ni ó ń ba ohun agbámú jẹ́. Ìṣirò kékeré yóò fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Ká gbà pé ọkọ̀ kan wọn 1,000 kìlógíráàmù, ó sì ń gbéra ní ojú ọ̀nà títẹ́jú. Awakọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìwọ̀n kan náà, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ bọ̀ títí tí pléètì fi bá fíláwíìlì dọ́gba nígbà tí ọkọ̀ ń sáré 15 kìlómítà ní wákàtí kan. Agbára tí ó wà nínú ìsáré ọkọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 8.7 kìlójúùlù. Ìmọ̀ físíìsì sì fi yé wa pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo àkókò náà, iye kan náà gan-an ni yóò di ooru nínú kílọ́ọ̀ṣì. Ìdajì ohun tí ẹ́ńjìnnì fi sílẹ̀ lọ sí ìsáré, ìdajì lọ sí ooru.

Bí awakọ̀ bá wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ní ìlọ́po méjì kí ó tó gbéra, pléètì kò ní bá fíláwíìlì dọ́gba títí ọkọ̀ yóò fi máa sáré 30 kìlómítà. Ooru rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni, nǹkan bí 34.7 kìlójúùlù. Ẹni tí ń fi jíà kejì gbéra ń fi irú ìyà yìí jẹ ọkọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ti orí òkè. Bí ọkọ̀ kan náà bá wà lórí òkè tí ó ń ga ní mítà 1 nínú mítà 10, tí awakọ̀ kò fa bíréèkì ọwọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró kí ó má yí padà sẹ́yìn, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ni ó ń di ooru, nítorí pé ọkọ̀ kò lọ síbìkan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìwọ̀n tí ìbá fi gbé ọkọ̀ sáré 11 kìlómítà ní wákàtí kan ní jíà kìíní, ooru náà yóò tó kìlówáàtì 3, bí ti ìkòkò oníná mànàmáná tí a fi ń se omi tíì. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20, yóò di kìlójúùlù 60. Èyí ju ooru gbígbéra ìgbà mẹ́fà lọ, ó súnmọ́ ti ìgbà méje, a kò sì tíì kúrò lójú kan.

6. Ìlànà fún awakọ̀

Láti inú ohun tí a ti sọ ni àwọn ìlànà wọ̀nyí ti jáde. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ kàn pa wọ́n láṣẹ. Kí ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí rẹ̀.

(i) Bí a kò bá ń tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí àtẹ̀tú, kí ó sì sinmi sílẹ̀. Ìwúwo ẹsẹ̀ nìkan tó láti dín agbára sípíríǹgì kù àti láti jẹ́ kí béárìnì máa yí láìsinmi.

(ii) Bí a bá ń gbéra, kí a lo jíà kìíní, kí a sì fún ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀nba epo tí kò fi ní kú. Kí a gbé ẹsẹ̀ dé ojú ìgbámú, kí a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi rìn, kí a sì gbé e kúrò pátápátá. Àwọn olùkọ́ kan máa ń pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yàtọ̀ sí ìlọ́ra. Ẹni tí ó jù ú sílẹ̀ lójijì ń ta jíà àti ọ̀pá ọkọ̀ nípàá. Ẹni tí ó ń lọ́ra lójú ìgbámú ń jó pléètì. Àárín méjèèjì ni ẹ̀sọ̀ wà.

(iii) Lórí òkè, bíréèkì ni kí ó dá ọkọ̀ dúró. Kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a wá ojú ìgbámú, kí a sì tú bíréèkì náà nígbà tí a bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mú ọkọ̀.

(iv) Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, bí àpẹẹrẹ níbi iná adarí ọkọ̀, kí a fi jíà sí fíríì kí a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àtẹ̀tú tí a tẹ̀ dé ilẹ̀ kò jẹ pléètì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ béárìnì.

(v) Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí a má ṣe máa fi kílọ́ọ̀ṣì rá tẹ̀lé ọkọ̀ iwájú ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí a jẹ́ kí àyè díẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí a wá fi jíà kìíní rìn ín lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò sí lórí àtẹ̀tú.

(vi) Bí a bá fẹ́ dín eré kù, bíréèkì ni kí a lò. Pléètì bíréèkì kò wọ́n tó ti kílọ́ọ̀ṣì, kò sì nílò kí a sọ àpótí jíà kalẹ̀ kí a tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá sì ń bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀, kí a fún ẹ́ńjìnnì ní epo díẹ̀ kí yíyí rẹ̀ lè bá ti ọkọ̀ dọ́gba kí a tó gbé ẹsẹ̀.

(vii) Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo wáyà, àtẹ̀tú gbọ́dọ̀ ní àyè òfìfo díẹ̀ ní òkè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Ti ìjàpá jẹ́ mílímítà 10 sí 20. Bí pléètì ti ń jẹ, àyè yìí ń dín kù. Bí ó bá tán, ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ kan wà lórí àtẹ̀tú ní gbogbo ìgbà. Kí mẹkáníìkì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

7. Àmì àìsàn kílọ́ọ̀ṣì

Àìsàn méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀, nítorí pé òdì ara wọn ni wọ́n. Èkíní ni yíyọ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké sókè ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ kò pọ̀ sí i, pàápàá lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Èkejì ni a pè ní àìtútán: a tẹ àtẹ̀tú dé ilẹ̀, síbẹ̀ jíà ń ké bí a bá fẹ́ fi sí i, nítorí pé pléètì kò tíì kúrò lára fíláwíìlì tán. Àìtútán lè jẹ́ ti wáyà tí ó ti dẹ̀ tàbí ti epo tí ó ti jò. Kì í ṣe dandan pé kí a ra pléètì. Bí ariwo bá sì ń jáde kìkì nígbà tí a bá tẹ àtẹ̀tú, béárìnì ni kí a fura sí.

Ọ̀nà kan wà láti dán yíyọ̀ wò. Ní ibi títẹ́jú tí ènìyàn kò sí níwájú ọkọ̀, kí a fa bíréèkì ọwọ́ le, kí a fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ àtẹ̀dúró, kí a fi sí jíà kẹta tàbí ìkẹrin, kí a wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀tú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ẹsẹ̀, ara kílọ́ọ̀ṣì yá. Bí ó bá ń yí lọ, ó ń yọ̀. Kí a má ṣe tún un ṣe léraléra, nítorí pé ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ń jó pléètì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń tú ọkọ̀. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ohun agbámú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin ka èyí tí ó kù nínú rẹ̀ léèwọ̀ ní ọdún 1999. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ eruku inú kílọ́ọ̀ṣì. Aṣọ tí a fi omi rin ni kí a fi nù ún.

8. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Kílọ́ọ̀ṣì: ẹ̀rọ tí ó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ àpótí jíà tí ó sì ń tú u.
Àtẹ̀tú: irin tí a ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ láti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.
Àtẹ̀dúró: irin ẹsẹ̀ tí ó ń dá ọkọ̀ dúró.
Àtẹ̀yára: irin ẹsẹ̀ tí ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo.
Àwo agbámú: pléètì kílọ́ọ̀ṣì.
Àwo atẹ̀mọ́: àwo irin tí ó ń tẹ àwo agbámú mọ́ fíláwíìlì.
Ojú ìgbámú: ibi tí àtẹ̀tú dé nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí mú.
Ìgbámú: agbára tí ó di ohun méjì mú tí wọn kò fi yọ̀.
Ìfararinra: agbára tí ó ń dènà ohun méjì tí ń yọ̀ lórí ara wọn.
Yíyọ̀: àìsàn kílọ́ọ̀ṣì tí kò lè gbá nǹkan mú mọ́.
Àìtútán: àìsàn kílọ́ọ̀ṣì tí kò lè tú sílẹ̀ tán.

9. Ìkádìí

Lóòótọ́, ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ ti pọ̀ ní ìgboro wa báyìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ akérò ṣì wà tí ọwọ́ ni a fi ń yí jíà wọn, owó tí ó sì yẹ kí àwọn awakọ̀ wọn gbé lọ sílé ni wọ́n fi ń ra pléètì. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá ju èdè mìíràn lọ. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere kọ́ wọn, owó wọn yóò kù sápò.

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá wọ̀nyí ni ó dára jù. Bí olùkọ́ tàbí olùtumọ̀ kan bá mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ìlú rẹ̀ ń lò, tí ó sì sàn ju tiwa lọ, kí ó mú un wá, a ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí a tún kọ́ ọmọ ẹlòmíràn pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má jìnnà sí kílọ́ọ̀ṣì. Kí a sọ fún un pé: bí o kò bá ń tú u, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀tú.